Ibi Tí Ògiri Ti Lanu: Bí Ọlọ́pàá Àdúgbò Ṣe Ń Yanjú Ohun Tó Ń Dà Wá Láàmú

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Kúbúwà, Àbújá

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Séríkí Yorùbá àti ẹ̀yin ìjòyè, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ̀yin lándílọ́ọ̀dù, ẹ̀yin ayálégbé, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́ NAPEP tẹ́ ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ ọjà láti wá jókòó tì wá, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin àlejò wa tó jẹ́ Gbagyi àti Hausa, sannunku da zuwa. Bí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn kò bá gbọ́ mi, ẹ nawọ́.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọlọ́pàá àdúgbò, mo sì ti ń rí àwọn kan tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ ń rò. Ọ̀rọ̀ bélì ni, ọ̀rọ̀ owó epo mọ́tò ni. A máa débẹ̀, mi ò ní sá fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà gan-an.

Yorùbá ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè rí ibi wọ̀ ọ́. Inú òwe yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí wà. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ká máa lé aláǹgbá ni iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá àdúgbò tó mọṣẹ́ a máa lé aláǹgbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ògiri ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń wá ibi tó lanu, ó ń béèrè ẹni tí ògiri jẹ́ tiẹ̀, ó sì ń béèrè ẹni tó ní amọ̀ àti omi tí a ó fi dí i.

Ohun tí ojú rí ní ìlú òyìnbó

Ẹ jẹ́ ká yára gba ìlú òyìnbó kọjá. Láti ọdún 1972 sí 1973, ní Kansas City ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú agbègbè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n pín in sọ́nà mẹ́ta. Ní apá kan, mọ́tò ọlọ́pàá kò yí kiri mọ́, àfi bí ẹnìkan bá pè wọ́n. Apá kejì, wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Apá kẹta, wọ́n fi mọ́tò kún mọ́tò, ó di ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn ọdún kan, kí ni wọ́n bá? Olè jíjà kò dín, kò sì pọ̀. Ẹ̀rù àwọn ará àdúgbò náà wà bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tiẹ̀ fura pé nǹkan kan yí padà! Ẹ rántí Kansas City nígbàkúùgbà tí ẹnìkan bá dìde ní ìpàdé lándílọ́ọ̀dù tó ní, "Ẹ ṣáà sọ fún DPO, ọ̀gá téṣàn wa, kó fi mọ́tò kún mọ́tò."

Ní 1979, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Herman Goldstein béèrè ìbéèrè kan tó rọrùn: bí wọ́n bá pe ọlọ́pàá sí ojúlé kan náà ní ìgbà ogún, kí ló dé tí wọ́n á fi lọ nígbà ogún láìbéèrè ohun tó wà nínú ojúlé náà? Ní Newport News, ní ìpínlẹ̀ Virginia, wọ́n sọ ìbéèrè yẹn di ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1987. Ẹ wò ó, ẹ tú u wò, ẹ ṣe é, ẹ wọ̀n ọ́n. Nígbà tó di 2004, London fi àwọn ọlọ́pàá sí wọ́ọ̀dù, mẹ́fà mẹ́fà: sájẹ́ǹtì kan, ọlọ́pàá méjì, àti olùrànlọ́wọ́ mẹ́ta tí kì í ṣe ọlọ́pàá gidi ṣùgbọ́n tó wọ aṣọ iṣẹ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n mọ orúkọ onígbàjámọ̀, wọ́n mọ ilé tí àgbà obìnrin kan ń dá gbé.

Ọdún 2004 yẹn náà ni ìjọba Ọbásanjọ́ ṣí ètò ọlọ́pàá àdúgbò ní Nàìjíríà. Ó rọ̀, ó tún jí. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 wá gbé e sínú ìwé pé kí ìgbìmọ̀ kan wà láàárín ọlọ́pàá àti ará ìlú, títí dé ìpele téṣàn DPO. Òmíràn tí ẹ ti mọ̀, PCRC, ìgbìmọ̀ ìbáṣepọ̀ ọlọ́pàá àti ará ìlú, ti wà tipẹ́ ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá lọ bá DPO pé ẹ fẹ́ jókòó sọ̀rọ̀, ẹ kò lọ tọrọ àánú. Òfin ló rán yín.

Ẹ̀sùn tó ní ibi, tó ní àsìkò

Àsọ̀rọ̀ àìlàdí ló pa Elempe ìṣáájú, tó ní igbá wúwo ju àwo lọ. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹ̀sùn wa bí a ṣe ń gbé e lọ sí téṣàn. "DPO, olè ti pọ̀ jù ní àdúgbò wa." "Àwọn ọmọkùnrin yẹn ń yọ wá lẹ́nu." Ọmọkùnrin wo? Níbo? Ọjọ́ wo? Ọlọ́pàá tó bá gbọ́ irú ẹ̀sùn yìí, ohun kan ṣoṣo ló lè ṣe: á kó ọmọ mẹ́wàá tó bá lójú títì. Nínú mẹ́wàá yẹn, méje jẹ́ ọmọ wa. Àwa náà la ó tún lọ gba bélì wọn.

Báwo ni ẹ̀sùn tó làdí ṣe ń rí? Ẹ ra ìwé kíkọ kan, olójú ewé ọgọ́ta tó. Ẹ fa ìlà sí i, kó ní ojú mẹ́fà: ọjọ́, aago, ibi pàtó, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n mú lọ tàbí bí wọ́n ṣe ṣe é, bí wọ́n ṣe sá lọ. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tí ẹ fura sí sínú rẹ̀ o. Ìwé tó bá ní orúkọ nínú, lọ́jọ́ kan á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ. Tẹ́ ẹ bá ní orúkọ, ẹ lọ sọ ọ́ sétí DCO, ọ̀gá tó ń rí sí ẹjọ́ ọ̀daràn ní téṣàn. Níbi "ibi pàtó," ẹ má kọ "ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́." Ẹ kọ "iwájú ṣọ́ọ̀bù oní-POS, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá iná kẹta."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́ kẹ́ ẹ tó jókòó tú u wò. Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́jọ? Nítorí pé ọ̀sẹ̀ kan lè ṣi yín lọ́nà. Ọ̀sẹ̀ owó oṣù yàtọ̀ sí àárín oṣù, ọ̀sẹ̀ ọdún Iléyá yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ lásán. Ìgbà tẹ́ ẹ bá tú u wò, ó máa ń yani lẹ́nu. Àdúgbò tó ń pariwo pé kò sí ibi tí olè kò sí, ẹ ó rí i pé ìdajì ọ̀rọ̀ náà wà ní ojú ibi méjì tàbí mẹ́ta, láàárín wákàtí méjì péré.

Ẹni tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí, ẹ rọ̀ ọ́ kó lọ sí téṣàn kí wọ́n kọ ọ́ sí dáyárì, ìwé àkọsílẹ̀ téṣàn. Kó béèrè nọ́ńbà àkọsílẹ̀ náà àti orúkọ ọlọ́pàá tó gba ẹjọ́. Ohun tí kò bá sí ní dáyárì, lójú ọlọ́pàá, kò ṣẹlẹ̀ rí. Inú WhatsApp la ń ti pariwo, dáyárì sì ṣófo. DPO ṣí ìwé rẹ̀, ó ní àdúgbò yín tòrò. Irọ́ ló pa bí?

Ẹ jẹ́ ká mú bọ́sítọ́ọ̀bù kan

Ẹ jẹ́ ká fi nǹkan tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ: wọ́n ṣáǹsì, àwọn olè tó ń fi mọ́tò gbé èrò láti jà wọ́n lólè. Mi ò ní dárúkọ bọ́sítọ́ọ̀bù kankan. Ẹ fojú inú wo oríta kan lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, tí àwọn tó ń lọ sí Wuse àti Berger ti ń dúró de mọ́tò ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Mọ́tò aládàáni kan dúró. Ó kéré tán, èèyàn méjì ti wà nínú rẹ̀, wọ́n jókòó wẹ́rẹ́ bí èrò. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ò ní pẹ́ bọ́ sílẹ̀, kí ẹ wọ àárín. Ẹ wọ àárín. Gíláàsì gòkè. Ẹ ti mọ ìyókù: káàdì báńkì, nọ́ńbà àṣírí, ẹ̀rọ POS.

Gbogbo ìwà ọ̀daràn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta bí àdògán. Ẹni tó ń ṣe é, ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí, àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Yọ ẹsẹ̀ kan, ìkòkò dànù. Ọ̀pọ̀ wa, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan la mọ̀: ẹ mú wọn! Òun ló sì le jù láti yọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé mọ́tò ń sá, nọ́ńbà rẹ̀ lè jẹ́ ayédèrú, àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe ará àdúgbò.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ibi tó ṣẹlẹ̀. Kí àwọn ọlọ́pàá àdúgbò àti èèyàn márùn-ún nínú wa lọ dúró síbẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀ yẹn gan-an. Ẹ má lọ ní ọ̀sán o! Ní ọ̀sán, gbogbo oríta ló dára. Ẹ wo òkè. Ó lè jẹ́ pé ọ̀pá iná wà níbẹ̀, iná sì ń tàn, àmọ́ igi dogoyaro ti na ẹ̀ka bo gílóòbù, ewé nìkan ni iná ń tàn sí. Ilẹ̀ ṣókùnkùn birimùbirimù. Iṣẹ́ àdá kan àti àkàbà kan ni, kò gba owó ìjọba. Tó bá jẹ́ pé iná kú ni, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni ọ̀pá náà kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà. Lẹ́tà tó lọ sí ọ́fíìsì tí kò ni ín á sùn síbẹ̀. Bó bá jẹ́ iná sólà lẹ fẹ́ rì mọ́lẹ̀ fúnra yín, bátìrì ni olè kọ́kọ́ máa ń yọ. Ẹ gbé e sókè orí ọ̀pá, ẹ má fi sínú àpótí nísàlẹ̀. Ẹ tún yan ẹni tí yóò máa nu ojú pánẹ́ẹ̀lì ní àsìkò ọyẹ́, nítorí eruku ọyẹ́ Àbújá kì í jẹ́ kó gba oòrùn tó bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí. Kí ló mú kó wọ mọ́tò tí kò mọ̀? Ọ̀pọ̀ ìgbà, mọ́tò gidi kò dúró níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ ní gáréèjì ń dúró sí ibi tó fi irínwó ìṣísẹ̀ jìnnà, nítorí pé wọ́n lé wọn kúrò ní oríta. Ẹ rí i pé ògiri ló lanu níbẹ̀ yẹn. Ẹ pe alága àwọn awakọ̀ sí ìpàdé. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò méjì tí wọ́n kun ní ọ̀dà táksí máa wá gbé èrò ní oríta láti aago márùn-ún sí méje, kí ẹnìkan máa kọ nọ́ńbà mọ́tò kọ̀ọ̀kan kó tó gbéra. Olè kórìíra kí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ ju kí wọ́n gbé ìbọn sí i lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé kí wọ́n lé àwọn oníṣòwò kúrò lójú títì, ẹ fara balẹ̀. Ìyá alákàrà tó ń dá iná ní aago márùn-ún ìdájí, òun nìkan ló jí láàárín gbogbo wa. Ó mọ mọ́tò tó dé lánàá tó tún dé lónìí. Tẹ́ ẹ bá lé e, ojú tó ń ríran lẹ fọ́ yẹn. Ẹ gbé e súnmọ́ bọ́sítọ́ọ̀bù ni, kẹ́ ẹ fún un ní nọ́ńbà ọlọ́pàá àdúgbò. Nọ́ńbà pàjáwìrì 112 náà wà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni wíwọ̀n, ibẹ̀ la ti máa ń kùnà. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ tún kọ ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ kọ ti oríta yẹn, kẹ́ ẹ sì kọ ti oríta tó tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá olè dín ni àbí ó kàn sún síwájú. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu yà yín bí ẹ̀sùn ní téṣàn bá kọ́kọ́ pọ̀ sí i. Nígbà tí àwọn èèyàn bá rí i pé wọ́n ń gbọ́ wọn, àwọn tó ti ń dákẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. DPO tó bá ń bẹ̀rù kí iye ẹ̀sùn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ má gòkè á lé ẹ̀sùn sẹ́yìn. Ẹ sọ fún un pé ẹ ti mọ ìdí rẹ̀.

Ẹni tó gba epo lájà

Èyí ò ní pẹ́. Ìdérí gọ́tà ń pòórá, wáyà iná ń pòórá, géètì kékeré ń pòórá. Gbogbo wa á sì kọjú sí àwọn baban bola, àwọn tó ń ṣa irin àlòkù, tó ń ti bárò kiri. Ṣùgbọ́n àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wọn irin lórí òṣùwọ̀n ni kí ọlọ́pàá àdúgbò lọ jókòó sí. Àdéhùn mẹ́ta péré ni: ẹ má rà ní òru, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó tà á, ẹ má ra ìdérí gọ́tà àti wáyà tí wọ́n ti sun rọ́bà ara rẹ̀ láé. Èyí tó bá kọ̀, òfin wà fún ẹni tó ń ra ẹrù olè. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ti bárò ń jẹun òógùn ojú wọn, wọ́n sì ń rí ohun tí àwa kò rí. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ní Hausa, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ìpàdé tó bí nǹkan

Ìpàdé ọlọ́pàá àti ará àdúgbò, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni. Chicago bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 1993. Ohun tó ń pa tiwa ni pé a sọ ọ́ di àpèjẹ. Tábìlì gíga, ìkíni wákàtí kan, ọ̀rọ̀ DPO, ọ̀rọ̀ alága, fọ́tò, ó parí. Ta ló ní kí ni? Ta ló máa ṣe é? Kò sí.

Ẹ yan ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré fún oṣù kan. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nǹkan tí ọlọ́pàá máa ṣe, nǹkan tí àwa máa ṣe, orúkọ ẹni tó gbà á, àti ọjọ́ tó máa parí. Èyí tó bá ju agbára ọlọ́pàá lọ, bíi gọ́tà tàbí ilé àkọ́patì tí àwọn ọmọ ti ń mu igbó, ẹ kọ ọ́fíìsì tó kàn sí i. Ìpàdé tó ń bọ̀, ìwé yẹn lẹ ó kọ́kọ́ kà kẹ́ ẹ tó gba àdúrà gígùn. Ẹ dákun, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin àáfà, ẹ dárí jì mí.

Àwọn wo ló yẹ kó wà níbẹ̀? Bó bá jẹ́ lándílọ́ọ̀dù nìkan, ariwo beer parlour àti àwọn ayálégbé lẹ ó máa sọ ṣáá. Ẹ pe mai unguwa, olórí àdúgbò, ẹ pe àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀, ẹ pe Hausa, ẹ pe Igbo, ẹ pe oníkẹ̀kẹ́, ẹ pe ọmọbìnrin tó ń ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Wọ́n ní kí gbogbo nǹkan wà ní èdè Yorùbá? Níbí kọ́ o. Ẹ yan ògbufọ̀. Àdúgbò tí ẹ̀yà kan nìkan bá ń bá ọlọ́pàá jókòó, àwọn tó kù á gbà pé àwọn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Wọn ò sì ní ṣàṣìṣe.

Ohun tí ọlọ́pàá kò gbọ́dọ̀ bá wa ṣe

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa nísinsìnyí. Ọ̀pọ̀ ohun tó ba ọlọ́pàá àdúgbò jẹ́, àwa la kó o lé e lọ́wọ́. Ayálégbé jẹ owó ilé, a gbé e lọ sí téṣàn. Ẹgbẹ́ àjọ kò san owó, a gbé e lọ sí téṣàn. Òfin tó ń darí ẹjọ́ ọ̀daràn, ti 2015, sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí gbèsè tàbí àdéhùn lásán. Ilé ẹjọ́ ló ni ín. Ọlọ́pàá tó bá bá yín gba gbèsè lónìí, ọ̀la ló máa bá ẹlòmíràn gba gbèsè lọ́wọ́ yín.

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Òfin kan náà ní wọn kò gbọ́dọ̀ mú ìyàwó nípò ọkọ, tàbí ìyá nípò ọmọ. Bí wọ́n bá mú ẹnìkan, ìwé òfin Nàìjíríà ní kí wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà ogójì. Ní Kúbúwà níbí, kò sí ẹni tó lè sọ pé ilé ẹjọ́ jìnnà. Bélì sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé, ní ojú DPO, kí òun fúnra rẹ̀ tún un sọ. Bí ẹ bá rí ohun tó yàtọ̀, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ara aṣọ, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn ní orílé-iṣẹ́ ọlọ́pàá, tàbí sí Police Service Commission.

Àwọn fìjìlántì wa ń kọ́? Wọ́n wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá, tó bá mú èèyàn níbi tó ti ń ṣẹ̀, kíá ni kó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Kò sí àhámọ́ nínú ọ́fíìsì fìjìlántì, kò sí kóbókò, kò sí "a ti dá sẹ̀ríà fún un." Ẹ kọ aago tẹ́ ẹ mú un àti aago tẹ́ ẹ fà á lé wọn lọ́wọ́ sílẹ̀. Táyà tí àwọn kan ń sun mọ́ olè lọ́rùn, ìpànìyàn ni. Ẹni tó gbé kẹrosíìnì wá náà jẹ ẹ̀bi rẹ̀.

Ní ti owó epo mọ́tò tí mo ní a ó padà sí: ẹ má fi owó lé ọlọ́pàá kankan lọ́wọ́. Bí àdúgbò bá fẹ́ ṣèrànwọ́, ẹ ra nǹkan tó ṣeé fojú rí, bíi táyà, tọ́ọ̀ṣì, tàbí àga fún yàrá àlejò, kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà fún DPO, kí ó fọwọ́ sí i pé òun gbà á. Ibi tí lándílọ́ọ̀dù kan bá ti ń dá epo rà, ọ̀nà ilé tirẹ̀ nìkan ni mọ́tò á máa gbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Nyanya àti Mararaba, ẹ ṣọ́ ààlà. Nyanya wà lábẹ́ ọlọ́pàá Àbújá, Mararaba wà lábẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Nasarawa. Ìrìn ẹsẹ̀ ni láti ọ̀kan dé èkejì, kọmíṣọ́nà méjì ló sì ni wọ́n. Olè tó bá jalè ní ìhín á sọdá sí ọ̀hún, olùfisùn á sì máa lọ á máa bọ̀, wọ́n á máa ní "ibí kọ́." Ẹ kọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an, téṣàn ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ fi sùn. Kí ìgbìmọ̀ ìhà méjèèjì máa pàdé lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí àwọn DPO méjèèjì ní nọ́ńbà ara wọn.

Ó ku ohun kan: gbígbé kiri. DPO tó bá mọ àdúgbò dáadáa, lẹ́tà kan á dé ní ọjọ́ Ẹtì, ó ti lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn ní ọjọ́ Ajé. Ohun tó mọ̀ bá a lọ. Nítorí náà, ìwé àdúgbò kò gbọ́dọ̀ sùn ní téṣàn. Ẹ̀dà méjì ni kó jẹ́, ọ̀kan lọ́dọ̀ wọn, ọ̀kan lọ́dọ̀ akọ̀wé wa. Ní ọ̀sẹ̀ tí DPO tuntun bá dé, kí èèyàn mẹ́ta lọ kí i, kí wọ́n ṣí ìwé náà níwájú rẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó wà nílẹ̀ hàn án àti ọjọ́ tí a dá fún wọn. Kí wọ́n má gbé màlúù lọ o.

Àwọn ìwé tí mo fa ìlà sí wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà yẹn, olójú mẹ́fà, ogún ni wọ́n. Kí ẹnìkan láti òpópónà kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láti ìdájí ọjọ́ Ajé. Mo ti ń rí ọwọ́ bàbá kan lókè níwájú níbí. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ìbéèrè yín.